Sarah Forbes Bonetta

Sarah Forbes Bonetta (nǹkan bí ọdún 1843 – ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 1880), tí orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀ ń jẹ́ Àìná, jẹ́ ọmọbìnrin Yorùbá láti ìlú Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o lẹ́rú nígbà tí ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọba Dàhòmì fi í ta Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ, ọbabìnrin náà sì gba ẹrù ìtọ́jú àti ẹ̀kọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò ńlá ní Èkó, ó sì di ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí wọ́n lókìkí jù lọ láàárín àwọn Sàró tí ń gbé Èkó.

Ìrìn-àjò ni ó pọ̀ jù nínú ìtàn ayé rẹ̀. Kí ó tó di ìyàwó ilé, ó ti la òkun Àtìláńtíìkì já lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín Áfíríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìsí ìyá, bàbá tàbí ìyekan kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọba, ọ̀gá ọkọ̀ ogun, ọbabìnrin àti àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n ń pinnu ibi tí yóò lọ àti ìgbà tí yóò padà. Ìtàn rẹ̀ fi hàn pé obìnrin lè rin ìrìn-àjò tí ó jìnnà ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ìgbà rẹ̀ lọ, síbẹ̀ kí ó má ní àṣẹ lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìbí àti ogun Òkè-Ọ̀dàn

Nǹkan bí ọdún 1843 ni wọ́n bí i. Ọmọbìnrin tí ìwọ́ bá lọ́ mọ́ lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i ni Yorùbá ń sọ ní Àìná, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ọmọkùnrin tí ó bá wáyé bẹ́ẹ̀ ní Òjó. Nínú àwọn ìwé tí àwọn aláwọ̀ funfun kọ, Ina ni wọ́n ń kọ orúkọ yìí, bẹ́ẹ̀ ni ó sì wà nínú ìwé ìgbéyàwó rẹ̀.

Lẹ́yìn tí agbára Ọ̀yọ́ Ilé ti wó, àwọn ìlú Ẹ̀gbádò kò ní aláàbò tí ó lágbára mọ́. Dàhòmì, tí ó ti ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbógun ti àwọn ìlú Yorùbá tí ó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ lábẹ́ Ọba Gezo. Ní ọdún 1848, wọ́n kọlu Òkè-Ọ̀dàn. Wọ́n pa àwọn òbí Àìná, wọ́n sì kó òun pẹ̀lú àwọn ẹrú yòókù lọ sí Àbómè, olú-ìlú Dàhòmì.

Ìrìn-àjò kì í ṣe ohun àjèjì fún àwọn obìnrin Yorùbá ní àkókò yẹn. Àwọn obìnrin oníṣòwò máa ń na ọjà tí ó jìnnà, wọ́n máa ń ru ẹrù láti ìlú dé ìlú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ èrò ni wọ́n ń bá rìn, nítorí ogun àti àwọn gbọ́mọgbọ́mọ tí wọ́n ń ba sí ojú ọ̀nà. Ẹni tí ó bá dá rìn lè di ẹrú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ohun tí àwọn àgbà obìnrin fi ń ra ọwọ́ ara wọn mú lójú ọ̀nà yìí ni ó dé bá Àìná ní kékeré: ó di ẹni tí kò ní ará láàárín àwọn àjèjì.

Láti Àbómè dé Windsor

Ní ọdún 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá inú ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ HMS Bonetta, wá sí ààfin Gezo. Iṣẹ́ ọkọ̀ náà ni láti máa dènà àwọn tí ń kó ẹrú gba orí òkun, ìdí tí Forbes sì fi wá ni láti rọ ọba kí ó jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gezo kò gbà láti fi òwò náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi àwọn ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí Ọbabìnrin Victoria, ọmọbìnrin kékeré láti Òkè-Ọ̀dàn yìí sì wà lára wọn.

Forbes kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nípa Dàhòmì, tí ó jáde ní ọdún 1851, pé òun gbà pé wọn ì bá fi ọmọ náà rúbọ níbi ayẹyẹ ọdọọdún tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí àwọn ọba tí ó ti wàjà. Ó ka ilà ojú rẹ̀ sí àmì pé ilé ọlá ni ó ti wá. Láti orí ọ̀rọ̀ yìí ni àṣà pípe Àìná ní ọmọ ọba ti bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Forbes kò mọ ìdílé rẹ̀.

Kí wọ́n tó kúrò ní etíkun, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Àgbádárìgì lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ CMS. Wọ́n sọ ọ́ ní Sarah, wọ́n sì fi Forbes àti Bonetta kún un. Báyìí ni orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ àti orúkọ ọkọ̀ tí ó gbé e ṣe di orúkọ ìdílé fún ọmọ tí wọ́n ti pa ìdílé rẹ̀ run.

Láàárín ìrìn-àjò náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi hàn pé òun ní ọpọlọ fún orin. Ní ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, ọdún 1850, Forbes mú un lọ sí ààfin Windsor láti fojú kan Ọbabìnrin Victoria. Inú ọbabìnrin dùn sí i, ó pinnu láti máa san owó ìtọ́jú rẹ̀, ó sì fi í sọ́dọ̀ ìdílé Forbes. Láti ìgbà náà lọ, ààfin ni ó ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn lórí ibi tí yóò máa gbé.

Ilé ẹ̀kọ́ ní Freetown

Ìgbé ilé Forbes kò pẹ́. Forbes fúnra rẹ̀ kú ní ọdún 1851. Ní ọdún kan náà, nítorí pé ara Sarah kò fi bẹ́ẹ̀ le, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ gbà pé òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bá ọmọ Áfíríkà lára mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ní irú èrò yìí nígbà náà. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Freetown ní Sierra Leone, sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí ẹgbẹ́ CMS dá sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Annie Walsh Memorial School lẹ́yìn náà. Ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́jọ.

Freetown kì í ṣe ìlú àjèjì pátápátá fún ọmọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Àkù, sì pọ̀ gan-an láàárín wọn. Níbẹ̀ ni Samuel Àjàyí Crowther ti kọ́ ìwé. Ṣùgbọ́n ipò Sarah yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù: ọmọ ìtọ́jú ọbabìnrin ni, ẹ̀bùn àti ìwé a sì máa ti ààfin wá fún un.

Ó lo nǹkan bí ọdún mẹ́rin ní Freetown. Ní ọdún 1855, àṣẹ dé pé kí ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà òkun tí wọ́n ní kí ó má gbé ìhà kejì rẹ̀ nítorí ìlera rẹ̀ ni wọ́n tún ní kí ó ré kọjá padà.

Ilé Schön

Nígbà tí ó dé, wọ́n fi í sọ́dọ̀ Àlùfáà James Frederick Schön àti ìyàwó rẹ̀ ní ilé tí wọ́n ń pè ní Palm Cottage ní Gillingham, ní agbègbè Kent. Schön jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ti ṣe míṣọ́nnárì ní Sierra Leone. Òun àti Crowther ni wọ́n jọ bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì gun odò Ọya lọ ní ọdún 1841, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ìwé lórí èdè Haúsá. Ilé yìí ni Sarah gbé pẹ́ jù lọ nígbà èwe rẹ̀. Ó di ẹni tí ń pe ìyàwó Schön ní ìyá, ó sì ń kọ lẹ́tà sí i nígbà tí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Láti ibẹ̀ ni ó ti ń lọ kí ọbabìnrin lóòrèkóòrè. Ní oṣù Kìíní ọdún 1858, ó wà lára àwọn tí wọ́n pè síbi ìgbéyàwó àkọ́bí ọbabìnrin, tí òun náà ń jẹ́ Victoria.

Ìgbéyàwó ní Brighton

James Pinson Labulo Davies ni ó wá tọrọ Sarah. Sierra Leone ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1828, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wà lára àwọn tí ó ja ogun Èkó ní ọdún 1851. Lẹ́yìn náà ni ó di oníṣòwò ní Èkó. Ní ọdún 1859, ó fi £50 ra ìwé fún CMS Grammar School tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú kí ó tó wá Sarah wá.

Sarah kò fẹ́. Nínú lẹ́tà tí ó kọ sí ìyàwó Schön, ó jẹ́ kó yé e pé òun kò nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin náà, àti pé òun kò fẹ́ kí owó jẹ́ ìdí tí òun yóò fi lọ́kọ. Nígbà tí ó kọ̀, wọ́n mú un kúrò ní ilé Schön, ibi tí ọkàn rẹ̀ wà, wọ́n sì fi í sọ́dọ̀ àgbà obìnrin kan ní Brighton láti kọ́ bí obìnrin ọlọ́lá ti ń ṣe láwùjọ. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tí kò ní òbí, tí kò ní ohun ìní, tí ó sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pọ̀: kí ó máa bá ilé ẹlòmíràn gbé, kí ó máa kọ́ ọmọ onílé, tàbí kí ó lọ́kọ. Òfin ilẹ̀ náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí obìnrin tí ó bá ti lọ́kọ ní ohun ìní tirẹ̀ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ nígbà náà. Ọdún 1882 ni òfin tí ó fún un ní ẹ̀tọ́ yìí ní kíkún ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Nígbẹ̀yìn, Sarah gbà.

Ìgbéyàwó náà wáyé ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, ọdún 1862, ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Èrò rọ́ wá wòran, àwọn ìwé ìròyìn sì kọ nípa rẹ̀, nítorí àwọn aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun ni wọ́n jọ tò tẹ̀lé ìyàwó àti ọkọ. Ní ọdún kan náà ni Camille Silvy, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó wà ní Lọ́ńdọ́nù, ya fọ́tò Sarah pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ó sì ya òun nìkan pẹ̀lú. Àwọn fọ́tò náà wà ní National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ́nù títí di òní.

Ìgbé ayé ní Èkó

Lẹ́yìn ìgbéyàwó, tọkọtaya náà padà sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì fi Èkó ṣe ibùgbé. Ọdún kan ṣáájú ìgbéyàwó wọn ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Erékùṣù náà ti pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́: àwọn ọmọ onílẹ̀ wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní agbègbè Ìga Ìdúngánràn, àwọn Sàró pọ̀ ní Ọlọ́wọ̀gbowó, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé sì ní àdúgbò tiwọn. Àwọn oníṣòwò àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ́lé sí etí ọ̀sà ní Marina.

Kò rọrùn láti wọ Èkó láti orí òkun nígbà náà. Iyanrìn tí ó ga sókè lábẹ́ omi ní ẹnu ọ̀sà kò jẹ́ kí ọkọ̀ ńlá lè wọlé. Òkun gbangba ni ọkọ̀ yóò ti dúró, èrò yóò sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé wọn gba àárín ìjì omi kọjá. Ibẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tí ó ń ti ibẹ̀ bọ̀ gbọ́dọ̀ gbà.

Òkè-Ọ̀dàn, ìlú tí wọ́n ti mú Sarah, kò jìnnà púpọ̀ sí Èkó. Lẹ́yìn Àbómè, Windsor, Freetown, Gillingham àti Brighton, ó tún ti súnmọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n ìyàwó Sàró ni ó padà jẹ́, tí ó ń ka Bíbélì, tí ó ń ta dùùrù, tí ó sì ń kọ lẹ́tà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ó bí ọmọ mẹ́ta fún Davies: Victoria ní ọdún 1863, Arthur ní ọdún 1871, àti Stella ní ọdún 1873. Ọbabìnrin gbà kí wọ́n sọ àkọ́bí wọn ní orúkọ òun, ó di ìyá ìsàmì fún un, ó sì fi àwọn ohun èlò wúrà ránṣẹ́ sí i. Ní ọdún 1867, Sarah mú Victoria lọ kí ọbabìnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrìn-àjò yìí yàtọ̀ sí ti ìgbà èwe rẹ̀. Ní àkókò yìí, òun ni àgbà, òun ni ó di ọmọ lọ́wọ́ mú, ó sì ní ilé tí yóò padà sí.

Ìdààmú òwò, àìsàn àti ikú

Davies di ọ̀kan nínú àwọn oníṣòwò tí ó lọ́lá jù ní Èkó, ó sì wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870. Ṣùgbọ́n òwò rẹ̀ bàjẹ́. Ní ọdún 1876, ilé ẹjọ́ kéde pé kò lè san gbèsè tí ó jẹ mọ́. Láàárín àwọn ọdún yìí ni ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá Sarah jà.

Kò sí oògùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ nígbà náà. Ọdún 1882 ni Robert Koch, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kòkòrò tí ń fà á hàn, oògùn tí ó lè pa kòkòrò náà kò sì dé títí di àwọn ọdún 1940. Ohun tí àwọn dókítà máa ń gba àwọn tí ó bá lówó nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n lọ gbé ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù níwọ̀nba tí kò sì ní òtútù líle. Madeira, erékùṣù àwọn Pọtogí nínú òkun Àtìláńtíìkì, lókìkí fún èyí, ó sì wà ní ojú ọ̀nà àwọn ọkọ̀ tí ń ná ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà.

Madeira ni Sarah lọ láti wá ìwòsàn. Ó kú ní Funchal, olú-ìlú erékùṣù náà, ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹjọ, ọdún 1880, ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ìgbéyàwó rẹ̀ pé ọdún 18. Ó wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún 37. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí, ní ibi ìsìnkú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Victoria ọmọ rẹ̀ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ tí ó lọ rí ọbabìnrin ní Osborne, ní erékùṣù Wight, sì ni ìròyìn ikú ìyá rẹ̀ dé etí rẹ̀.

Davies gbé òpó òkúta kan nàró ní ìrántí ìyàwó rẹ̀ ní oko rẹ̀ ní Ìjọ́n, ní ìhà Agége. Ní oko yìí ni ó ti gbin kòkó, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ ọ̀gbìn kòkó di òwò ní ilẹ̀ Yorùbá. Davies kú ní ọdún 1906.

Àwọn àtọmọdọ́mọ àti ìdílé Randle ní Oníkàn

Victoria Davies lọ sí Cheltenham Ladies' College ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1890, ó fẹ́ Dókítà John Randle, oníṣègùn tí wọ́n bí ní Sierra Leone tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh. Randle wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1908 láti tako owó omi tí ìjọba amúnisìn fẹ́ máa gbà lọ́wọ́ ará ìlú. Òun ni ó kọ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ sí Oníkàn ní ọdún 1928 kí àwọn ọmọ Èkó, tí omi yí ìlú wọn ká, lè rí ibi kọ́ odò wíwẹ̀. Ó kú ní ọdún kan náà.

Agbègbè adágún náà ni John Randle Centre for Yoruba Culture and History wà lónìí, nítòsí ilé ìkó-ohun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Oníkàn. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ àna Sarah wà lára ilé tí a kọ́ fún àṣà àti ìtàn Yorùbá ní Èkó, ìlú tí ó fi ṣe ibùgbé lẹ́yìn ìgbéyàwó rẹ̀.

Ìrántí

Òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà Walter Dean Myers kọ ìtàn ayé Sarah fún àwọn ọ̀dọ́, ìwé náà sì jáde ní ọdún 1999. Ní ọdún 2016, wọ́n fi àmì ìrántí rẹ̀ sí Palm Cottage ní Gillingham. Ní ọdún 2020, wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ tí Hannah Uzor kùn kọ́ sí ilé Osborne.

Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa Sarah ni ó wá láti ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn: ìwé Forbes, ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ ọbabìnrin, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ míṣọ́n àti ìwé ìròyìn. Nínú àwọn lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ, èyí tí ó kọ sí ìyàwó Schön nípa ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣe pàtàkì, nítorí níbẹ̀ ni obìnrin tí wọ́n ti ń rán kiri láti kékeré ti sọ ohun tí òun fẹ́ àti ohun tí òun kò fẹ́ kedere, kí ó tó di pé wọ́n tún pinnu fún un.